Ìlà Kan Ààbọ̀ Tí Bàbá Mi Kọ Sórí Fọ́ọ̀mù

Ṣé ó ti parí náà nìyẹn? O tẹ ibí, o tẹ ibẹ̀, fóònù dún pín-ín, wọ́n sì ti gba orúkọ rẹ sílẹ̀ ní yunifásítì? Rọfíátù, ọmọ ọmọ mi, mo bá ọ yọ̀ o. Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n mú ọ. Ṣùgbọ́n bí o ṣe ju fóònù yẹn sórí tìmùtìmù, tí o ń bèèrè bóyá ẹ̀wà ti jinná, ó yà mí lẹ́nu débi pé mi ò lè pa á mọ́ra. Ẹ sún mọ́ mi, gbogbo yín. Ẹ yí rédíò yẹn wálẹ̀. Ohun tí ìwọ fi ìka kan ṣe lórí ìjókòó yìí, ó gba gbogbo agbo-ilé wa ní ọ̀pọ̀ oṣù, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba àárín èmi àti bàbá mi jẹ́.

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ mi máa ń sọ fún yín pé ayé àtijọ́ dùn ju tìsinsìnyí lọ. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ebi wà níbẹ̀, ibà wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ rírìn sì wà níbẹ̀. Láti Ìwó níbí dé Kuta, ẹsẹ̀ ni. Láti ibí dé Ilé-Ogbó tí a bá ń lọ kí ìyá ìyá mi, ẹsẹ̀ náà ni, ti òun ti ẹrù lórí. Kò sí ọ̀kadà tí ẹ ó nawọ́ sí. Ohun kan ṣoṣo tó sọnù tó ń dùn mí ni ìró àárọ̀. Bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, ilé-kéwú á bẹ̀rẹ̀ láti àdúgbò dé àdúgbò, ogún ọmọ níbí, ọgbọ̀n lọ́hùn-ún, kálukú pẹ̀lú wàláà pákó rẹ̀ lórí itan, tí wọ́n á máa ké e lóhùn rara. Aládùúgbò wa kan ń sin odídẹrẹ́, ẹyẹ náà a sì máa bá wọn ké e. Ọ̀lẹ ọmọ kan wà láàrin wa tó jẹ́ pé odídẹrẹ́ yìí mọ Fátíà jù ú lọ, ẹyẹ náà sì ni wọ́n fi ń bú u títí ó fi dàgbà tó ní ìyàwó.

Bàbá mi ló ni èyí tó ń pariwo jù nínú àwọn ilé-kéwú wọ̀nyẹn. Àáfà ni wọ́n, wọ́n sì ń roko, nítorí kò sí àáfà tí kì í roko nígbà náà. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi mọ̀ wọ́n jù ni ọwọ́ ìkọ̀wé. Àwọn àáfà ńlá a máa fi ìwé kéwú tó ti gbó ránṣẹ́ sí wọn láti Ìbàdàn pé kí Bàbá bá àwọn dà á kọ. Wọ́n á jókòó ní ọ̀ọ̀dẹ̀, wọ́n á ká ẹsẹ̀ lórí awọ àgbò, wọ́n á ti gègé bọ inú tàdáwà, ìyẹn yíǹkì àwọn àáfà tí wọ́n ń se fúnra wọn látinú ewé àti dúdú ìdí ìkòkò. Èmi ni mo máa ń bá wọn họ ìdí ìkòkò. Bí Bàbá bá ti ń kọ̀wé, ẹnì kan kì í sọ̀rọ̀ nílé wa. Àwọn àlejò á wọlé, wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa wo ọwọ́ wọn bó ṣe ń lọ láti ọ̀tún sí òsì.

Ẹ ó wá bi mí bí ọmọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe dé ilé-ìwé òyìnbó. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ mú mi lọ, tíṣà ní kí n gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá kí n fi kan etí òsì. Kò kàn án. Wọ́n ní n kò tíì tó, wọ́n dá mi padà sílé. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ọwọ́ kan etí. Àwọn àgbà mọ́sálásí ti gbọ́, wọ́n wá bá Bàbá pé ṣé wọ́n fẹ́ fi ọmọ ta àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì lọ́rẹ ni. Bàbá dáhùn pé, "Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ẹ jẹ́ kó lọ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ lọ́hùn-ún, kó wá sọ ọ́ fún wa." Ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì jókòó ti kéwú, èmi sì ń ṣe méjèèjì pọ̀, kéwú láàárọ̀ kùtù, ìwé tí oòrùn bá ti yọ.

Mo ka ìwé náà yege, mo sì bọ́ sí ilé-ìwé girama ní Ọ̀ṣogbo, níbi tí a ti ń gbé inú ọgbà ilé-ìwé. Ibẹ̀ ni ojú ti bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí. Àwọn ẹgbẹ́ mi kan, ọmọ akọ̀wé, ọmọ oníṣòwò ńlá, wọ́n gbọ́ pé ọmọ àáfà ni mí. Bí a bá ti ń wọlé oúnjẹ, wọ́n á tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, wọ́n á ní, "Àmín! Ọmọ a-jẹ-sàárà dé!" Ẹ̀fẹ̀ lásán ni. Tó bá jẹ́ lónìí, n ó bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kì í mọ ẹ̀fẹ̀ yàtọ̀ sí èébú. Nígbà tí àwọn ọmọ tuntun wá ń bi mí pé kí ni bàbá mi ń ṣe, mo ní àgbẹ̀ ni wọ́n. Ẹ ṣáà ti gbọ́ pé wọ́n ń roko lóòótọ́. Bí mo ṣe dá ara mi láre nìyẹn.

Ìgbà tó ku ọdún kan kí n jáde ni ọ̀gá ilé-ìwé wa pè mí. Ó ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti wà ní Ìbàdàn báyìí, pé ẹni tó bá yege á lè gba oyè láìwọ ọkọ̀ òkun, pé kí n kọ̀wé lọ béèrè fọ́ọ̀mù. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí. Ní Ìwó nígbà náà, ẹ ó ka àwọn tó ti dé irú ibẹ̀, ìka ọwọ́ kan kò ní tán.

Kí fọ́ọ̀mù tó dé ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀ nílé. Ẹ̀yin lónìí, ẹ̀yin nìkan lẹ ń yan ohun tí ẹ fẹ́ lọ kọ́, ẹ ó kàn wá sọ fún wa pé ẹ ti yàn án. Nígbà tiwa, ìpàdé agbo-ilé ló ń yàn án. Ọjọ́ kejì Iléyá ni wọ́n fi í sí, torí gbogbo ẹbí ló wà nílé, ẹran sì wà nílẹ̀. Mo rántí awọ àgbò tí wọ́n sá sára ògiri, tí eṣinṣin ń kùn lára rẹ̀ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jẹ́ olórí agbo-ilé, ló ṣíde. Wọ́n ní lọ́yà ni kí n lọ kọ́, nítorí oko wa kan tó wà lọ́nà Kuta, tí ẹbí kan ń bá wa fa ààlà rẹ̀ láti ìgbà tí a kò tíì bí mi. Gbogbo ọkùnrin mi orí. Ìyá mi wà lẹ́nu ọ̀nà ìdáná. Àwọn obìnrin kì í sábà dá sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní, "Dókítà ni kó ṣe." Àbúrò mi méjì ni ibà ti gbé lọ. Kò sí ẹni tó dá wọn lóhùn, kò sì sí ẹni tó bá wọn jiyàn. Títí di òní, mo ṣì ń gbọ́ ohùn ìyá mi níbẹ̀, ó sì máa ń dùn mí pé mi ò ṣe ohun tí wọ́n fẹ́.

Wọ́n wá bi èmi gan-an. Mo ní ìmọ̀ ìtàn ni mo fẹ́ kọ́.

Bàbá Àgbà fi ọwọ́ gbá itan. "Ìtàn kẹ̀? Ṣé ìtàn ló fẹ́ gbé ọ dé Ìbàdàn? Jókòó síbí, n ó pa á fún ọ títí ilẹ̀ á fi ṣú, n kò ní ní kí o kọ fọ́ọ̀mù!"

Ilé dà rú fún ẹ̀rín. Bàbá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ìtàn ta ni?"

Mo ní, "Ti gbogbo ayé ni, Bàbá."

"Títí kan tiwa?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá."

"Ó dáa. Lọ, kí o lè mọ̀."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí nìyẹn. Bàbá Àgbà kùn títí wọ́n fi pín ẹran itan fún wọn.

Fọ́ọ̀mù dé nígbà ìsinmi ìgbà òjò. Bébà líle ni, ó funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, n kò sì rí bébà tó funfun tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo fi aṣọ dì í kí ọwọ́ má baà kàn án. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ bí a ṣe ń kọ ọ́ nítòsí, Tíṣà kan tó ń gbé ní òdìkejì ọjà, tí wọ́n ti kọ irú rẹ̀ rí ṣùgbọ́n tí ilé-ẹ̀kọ́ náà kò mú wọn. Èmi àti Tíṣà jókòó tì í fún ọjọ́ mẹ́ta. A kọ́kọ́ fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọ́ sórí bébà mìíràn, a wá fi yíǹkì dà á kọ. Wọ́n tún ní kí n ya fọ́tò. Ẹ̀wù kóòtù kan ló wà láàrin gbogbo àwa tó ń lọ sí girama nígbà náà, ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò á lọ yá a. Apá rẹ̀ gùn jù mí lọ, mo ká a sínú. Ayàwòrán wọ abẹ́ aṣọ dúdú rẹ̀, ó ní kí n má ṣẹ́jú. Bí ó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ ni mo ṣẹ́jú. Fọ́tò jáde, mo dà bí ẹni tó ń sùn lórí ìdúró, a sì fi í ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nítorí kò sí àyè láti ya òmíràn.

A dé ibi tí wọ́n ti bèèrè iṣẹ́ bàbá. Tíṣà wo ojú mi. Mo ní, "Àgbẹ̀." Tíṣà kọ ọ́. Rọfíátù, kí ni ìwọ kọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan? Má dá mi lóhùn o, bàbá rẹ ń gbọ́.

Ní ìsàlẹ̀, wọ́n ní kí bàbá ọmọ fọwọ́ sí i, bí kò bá sì mọ̀wé, kí ó tẹ̀ka. Tíṣà fún mi ní agolo yíǹkì kékeré tí wọ́n fi ń tẹ̀ka, mo sì gbé e lọ sílé. Ilẹ̀ ti mọ́ tán, àwọn ọmọ kéwú ti lọ. Mo kúnlẹ̀, mo tẹ́ fọ́ọ̀mù síwájú Bàbá, mo ṣí agolo yíǹkì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, wọ́n ní kí ẹ tẹ̀ka síbí."

Bàbá wo agolo yíǹkì. Wọ́n wo bébà. Wọ́n ní, "Ìka?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Bí ẹni tí kò mọ̀wé ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. N kò mọ ohun tí mo sọ. Ní ọ̀ọ̀dẹ̀ tí gègé márùn-ún wà nínú ìkòkò kékeré, tí ìwé kéwú tí Bàbá fọwọ́ ara wọn kọ wà ní ẹ̀yìn wọn títí dé àjà, èmi ni mo kúnlẹ̀ tí mo ń sọ fún wọn pé wọn kò mọ̀wé. Bàbá kò bínú. Wọ́n ní, "Fi í sílẹ̀. Lọ pọnmi fún ìyá rẹ." Mo lọ.

Mo dé padà, Bàbá ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí orí bébà. Tàdáwà ṣì tutù. Wọn kò fọwọ́ kan ibi ìtẹ̀ka rárá. Òkè pátápátá ni wọ́n kọ nǹkan sí, láti ọ̀tún sí òsì, ìlà kan ààbọ̀, ọwọ́ tó dúdú tó sì ń dán. Ẹ gbọ́ mi yé. Àáfà kì í bẹ̀rẹ̀ ìwé kankan láìkọ orúkọ Ọlọ́run sókè rẹ̀, kódà bó jẹ́ ìwé pé kí wọ́n fi iyọ̀ ránṣẹ́. Lójú Bàbá, fọ́ọ̀mù tí orí rẹ̀ ṣófo, a kò tíì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni. Àyè òfìfo tí wọ́n rí lókè yẹn sì ni ibi tí àwọn òyìnbó kọ ọ́ sí gbàgàdà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ ohunkóhun sí. Wọ́n gbójú sókè, ojú wọn ń tàn, wọ́n ní, "Ó ti dáa báyìí. Ó lè máa lọ."

Mo dúpẹ́. Kí ni n bá ṣe? Mo ká a nílẹ̀, mo sì sáré dé ilé Tíṣà bí ẹni tí ejò ń lé.

Tíṣà gbá orí mú. Láti kọ̀wé gba òmíràn, ó kéré tán á tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọjọ́ tí wọn kò ní gba fọ́ọ̀mù mọ́ sì ti kù díẹ̀. Wọ́n fún mi ní abẹ ìfárí, wọ́n ní kí n họ ọ́. Bí a ṣe ń pa yíǹkì rẹ́ nílé-ìwé nìyẹn, ẹ ó rọra fi ojú abẹ họ orí bébà. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi àmì tóótòòtó àkọ́kọ́. Tàdáwà Bàbá kì í ṣe yíǹkì ilé-ìwé, ó ti mu bébà dé ikùn. Bébà bẹ̀rẹ̀ sí í hu irun. Mo dúró. Ẹ má rò pé ìbẹ̀rù Ọlọ́run ló dá ọwọ́ mi dúró o, tàbí ọ̀wọ̀ bàbá. Ìbẹ̀rù kí bébà má ya ni.

Ibi ìtẹ̀ka sì ṣófo síbẹ̀. N kò lè gbé e padà lọ bá Bàbá. Tíṣà ní, "Tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ, ìka kò lójú." Mo ti àtàǹpàkò bọ yíǹkì, mo tẹ̀ ẹ́ síbi tó yẹ kí bàbá mi tẹ̀ ẹ́ sí. Bí fọ́ọ̀mù náà ṣe lọ nìyẹn, pẹ̀lú bàbá tó jẹ́ àgbẹ̀, tí kò mọ̀wé, tó tẹ̀ka, àti ìlà kan ààbọ̀ tí kò ní olúwa.

Mo padà sí Ọ̀ṣogbo. N kò lè sùn dáadáa. A ṣe ìdánwò àṣekágbá, a ṣe ti àṣewọlé, mo sì ń retí pé wọ́n á dá fọ́ọ̀mù náà padà nítorí ohun tó wà lórí rẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, ìwé wá pé kí n wá sí Ìbàdàn kí wọ́n lè fojú rí mi, kí wọ́n bi mí léèrè ọ̀rọ̀. Nígbà tí mo máa lọ, Bàbá sin mí dé ibi tí a ti ń wọ bọ̀lẹ̀kájà, ọkọ̀ onípákó tó jẹ́ pé orí àpò kòkó ni mo jókòó sí. Wọ́n ṣe àdúà fún mi, wọ́n ní, "Bí wọ́n bá béèrè ẹni tó kọ nǹkan yẹn, kí o ní èmi ni." Mo ní, "Ó dáa, Bàbá."

Yàrá náà tutù. Abẹ̀bẹ̀ kan ń yí ní òkè àjà, n kò rí irú rẹ̀ rí, mo sì ń bẹ̀rù pé yóò já lé mi lórí. Àwọn mẹ́ta ló jókòó lẹ́yìn tábìlì, òyìnbó ni gbogbo wọn. Àwọn méjì àkọ́kọ́ bi mí ní ìbéèrè lórí ohun tí mo kà, mo sì dá wọn lóhùn. Mo ti ń rò ó lọ́kàn mi pé ó ti bọ́ sí i. Ìkẹta, tó dàgbà jù, tó wọ awò ojú, kò tíì sọ nǹkan kan. Ó gbé fọ́ọ̀mù mi sókè, ó yí i sí mi.

Ó ní, "Kí ni eléyìí?"

Gbogbo ẹ̀rín ilé oúnjẹ Ọ̀ṣogbo ni mo gbọ́ létí mi. Mo ní, "N kò mọ̀, sà."

"Ta ló kọ ọ́?"

Mo ní, "N kò mọ̀, sà. Bóyá ẹnì kan ló fi dán gègé wò."

Òyìnbó náà tún awò ojú rẹ̀ ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Lédè Lárúbáwá, pẹ̀lú gbogbo fífà àti gígé rẹ̀, bí ẹni tó ti gbé láàrin wọn. N kò mọ̀ pé òyìnbó kankan lè kà á. Ó wá túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn méjì yòókù. Ó ní, ní orúkọ Ọlọ́run, ọmọ mi ń lọ síbi tí ẹsẹ̀ mi kò dé rí. Olúwa, bá mi tẹ̀ lé e. Ohun tí wọ́n bá kọ́ ọ, jẹ́ kó yé e, má sì jẹ́ kí ìmọ̀ náà sọ ọ́ di àjèjì sí wa. Ó dárúkọ mi. Ó dárúkọ ìyá mi, bí àwọn àáfà ṣe máa ń ṣe nínú àdúà.

Ó gbé bébà sílẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó ń dán gègé wò yìí mọ orúkọ rẹ, ó sì mọ ti ìyá rẹ." Ó fi ìka tọ́ ìsàlẹ̀. "Wọ́n kọ ọ́ síbí pé àgbẹ̀ ni bàbá rẹ, kò mọ̀wé, ó tẹ̀ka. Mo ti rí ọwọ́ ìkọ̀wé lọ́pọ̀lọpọ̀ ibi, n kò rí èyí tó dára tó báyìí púpọ̀."

Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi kò tilẹ̀ tó ìṣẹ́jú kan. Mo ní, "Bàbá mi ni, sà. Àáfà ni wọ́n. Ìka tó wà ní ìsàlẹ̀ yẹn, tèmi ni." Ó wò mí títí. Ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó sì ní kí n máa lọ.

Mo mọ̀ pé ó ti parí. Òjò pa mí lórí ọkọ̀ láti Ìbàdàn dé ilé, n kò sì wá ibi sá sí. Bàbá ń dúró dè mí ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Wọn kò béèrè bóyá mo yege.

"Ṣé wọ́n rí i?"

"Wọ́n rí i, Bàbá."

"Ṣé ẹnì kan kà á?"

"Òyìnbó kan kà á. Ó ní ọwọ́ náà dára."

Bàbá dìde dúró. Èèyàn tí kì í sáré, wọ́n sáré jáde lọ pe aládùúgbò. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó wá kí wọn tí kò gbọ́ ọ. Wọ́n sọ ọ́ ní mọ́sálásí, wọ́n sọ ọ́ níbi ìsọmọlórúkọ, wọ́n lọ sọ ọ́ fún àna wọn ní Ilé-Ogbó. Tí mo bá sì wà nítòsí, wọ́n á pè mí. "Ṣebí ìwọ wà níbẹ̀? Sọ fún wọn." Èmi náà á sọ fún wọn. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí wọ́n bá nà mí lẹ́gba ní gbangba ọjà, ìyẹn ì bá sàn fún mi.

Ìwé dé. Wọ́n mú mi.

Ìyá mi sunkún, Bàbá Àgbà ní ó dáa, kí n tilẹ̀ lọ kọ́ ìtàn ààlà oko náà. Bàbá ní àwọn á ṣe sàárà ní ọjọ́ Jímọ̀, pé lẹ́yìn ìrun, kí n dìde láàrin mọ́sálásí kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá náà láti ẹnu ara mi, kí àwọn tó ní wọ́n fẹ́ sọ ọmọ nù lè gbọ́. N kò lè ṣe é. Mo lè gba ẹ̀fẹ̀, mo lè gba èébú, ṣùgbọ́n n kò lè dúró níbẹ̀ kí wọ́n máa ṣe àmín sí irọ́ mi.

Ó ku ọjọ́ méjì sí Jímọ̀ náà, a jọ ń lọ sóko láàárọ̀. Bàbá wà níwájú pẹ̀lú ọkọ́ léjìká, èmi wà lẹ́yìn. Ẹ̀yìn wọn ni mo sọ ọ́ fún, torí n kò lè sọ ọ́ sí ojú wọn. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti àgbẹ̀, mo sọ ti abẹ, mo sọ ti ìka. Mo ní wọ́n bi mí pé ta ló kọ ọ́, mo ní n kò mọ̀, mo ní ẹnì kan ló fi dán gègé wò.

Bàbá kò dúró, wọn kò sì yíjú padà. A dé oko. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ro ìdí iṣu, mo bẹ̀rẹ̀ tèmi ní ẹ̀gbẹ́ wọn. A ro ebè kan tán, a ro èkejì, a dé àárín ẹ̀kẹta. Mo ti ń rò ó pé wọn kò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí n ó fi lọ.

Bàbá wá na ẹ̀yìn, wọ́n nu ojú. Wọ́n ní, "Ká ní èmi ni mo wà ní yàrá yẹn, tí wọ́n nawọ́ sí ọ, tí wọ́n bi mí pé ta nìyí, tí mo sì rí i pé bí mo bá ní ọmọ mi ni, wọn ò ní mú ọ, n bá ní n kò mọ̀ ọ́ rí."

Ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, mo sì sunkún níbẹ̀ bí ọmọdé. Bàbá tún tẹ̀ mọ́ iṣẹ́ wọn. Wọ́n ní kí n sún sí ẹ̀gbẹ́ kan, pé mo ti ń tẹ ebè mọ́lẹ̀.